Bí Odídẹrẹ́ Ṣe Gbé Ọbẹ̀ Ewúro Káàkiri Igbó

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko àti ẹyẹ ṣì ń dáná alẹ́ nínú ilé wọn, Odídẹrẹ́ kì í wí tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ eérú ni gbogbo ara rẹ̀, títí dé ìrù.

Láyé ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń sọ bí òun ṣe ń se oúnjẹ fún aládùúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ se ọbẹ̀, á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀dá wá dá lọ́dún kan. Iṣu kò ta, ilá rọ. Ewúro nìkan ló tutù yọ̀yọ̀ lẹ́yìnkùlé gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ó korò bí jogbo. Àwọn ọmọ á fi kan ahọ́n, wọn á tu ú dànù, wọn á sì febi sùn. Ọmọ kan ṣoṣo tí Odídẹrẹ́ bí rù títí ìyẹ́ ara rẹ̀ fi ń re.

Ilé Ìyá Ewúrẹ́ nìkan ni àwọn ọmọ ti ń yó. Odídẹrẹ́ fò lọ síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Ewúrẹ́, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń se ewúro tiyín? Ọmọ mi fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta." Ewúrẹ́ wo ojú rẹ̀, àánú ṣe é. "Ó dáa, gbọ́. Já a wẹ́wẹ́. Fi iyọ̀ gbo ó. Fún un, da omi kíkorò nù, kí o tún fọ̀ ọ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o!"

Odídẹrẹ́ mọ̀ pé òun máa ń gbàgbé nǹkan. Bó ṣe ń fò lọ sílé, ó ń fi igbe wí i: "Ewúro Ìyá Ewúrẹ́! Já a wẹ́wẹ́! Fi iyọ̀ gbo ó! Fún un, da omi kíkorò nù!"

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbọ́. Òkété já ewúro. Ọ̀kẹ́rẹ́ já ewúro. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èéfín ń rú nílé gbogbo, àwọn ọmọ ń lá àwo. Ọmọ Odídẹrẹ́ jẹun, ó ní kí wọ́n bu sí i.

Inú bí Ewúrẹ́. Ó gba ilé Odídẹrẹ́ lọ. "O tú mi láṣìírí!"

"Ẹ má bínú, ìyá mi. Ẹ̀rù ló bà mí kí n má lọ gbàgbé."

Kí Ewúrẹ́ tó fèsì, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ìkòkò epo pupa wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá Ewúrẹ́, ọbẹ̀ yín ló gba àwọn ọmọ mi là. Èmi nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń fún epo lára ẹyìn. Ẹ dán an wò nínú ọbẹ̀ yín, màá kọ́ yín."

Òkété náà gbé irú dé, ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe ń sè é.

Ọbẹ̀ Odídẹrẹ́ ṣì wà lórí iná. Ewúrẹ́ da epo sí i, ó fi irú sí i, ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Háà! Láti kékeré ni mo ti ń se ewúro, n kò jẹ irú èyí rí!"

Ó yíjú sí Odídẹrẹ́, ó di ìrù rẹ̀ mú, ó rì í bọ inú ìkòkò epo. "Ohun tí mo tì mọ́lé, ìwọ lo fi bọ́ gbogbo igbó. Kí ayé máa fi èyí dá ọ mọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ìrù Odídẹrẹ́ ti pọ́n bí epo, tí àwọn ọba fi ń wá ìyẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́. Láti ọjọ́ náà ni kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má wí i tẹ̀lé, kí ohun tí yóò yó ọmọ ẹlòmíràn má baà bọ́ sọnù lẹ́nu rẹ̀ lójú ọ̀nà.