Ta Ni Àgbà Nínú Orí Mẹ́wàá?

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ẹni tí ń pa ẹ̀pà jẹ sì rọra pa á, nítorí ìtàn tí mo gbé dání yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Ní ìlú Àgbèdú, ọdẹ kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí, ìyàwó rẹ̀ sì bí ìbejì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Táyélolú ni ọkùnrin, òun ló kọ́kọ́ jáde. Ọmọ́kẹ́hìndé ni obìnrin, òun ló tẹ̀lé e. Ọkùnrin fẹ́ràn ìdáná débi pé bí ó bá gbé ẹ̀wà kaná, gbogbo ará àdúgbò a máa rí nǹkan wá yá nílé wọn. Obìnrin ló gba ọrun àti ọfà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, àwọn ẹtu inú igbó sì mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ìjà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń jà láti kékeré. Táyélolú a ní, “Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ́kọ́ rí ayé.” Ọmọ́kẹ́hìndé a ní, “Ta ló rán ọ? Èmi àgbà ni mo ní kí o lọ tọ́ ayé wò, kí o wá sọ fún mi bóyá ó dùn. Ìránṣẹ́ mi lásán ni ọ́.” Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló jàre, ṣùgbọ́n ẹni tó jàre tí kò mọ ẹnu pa mọ́, wàhálà ló ń wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá wọn gbé àwo ẹ̀wà kan sí àárín wọn, ìjà sì dé lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ bù ú. Ọmọ́kẹ́hìndé pariwo pé, “Bí o bá dá ara rẹ lójú, lọ sí Igbó Àìwẹ̀yìn, kí àwọn iwin ibẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún ọ!” Táyélolú fi ìbínú dìde, ó sì lọ lóòótọ́. Oòrùn kan àtàrí, kò dé. Ọmọ́kẹ́hìndé wo ẹ̀wà tó ti tutù, ó gbé ọrun kọ́ èjìká, ó wọ igbó.

Nínú Igbó Àìwẹ̀yìn, igi ní ń rìn, èèyàn ní ń yà fún un. Ìgbín ibẹ̀ ń sáré, ehoro ibẹ̀ ń rọra wọ́. Òùngbẹ ti ń gbẹ Ọmọ́kẹ́hìndé kó tó dé etí adágún omi kan, níbi tí lékèélékèé kan tó ga bí ọ̀pẹ dúró sí lórí ẹsẹ̀ kan.

Ẹyẹ náà ní, “Ọmọdébìnrin, má fẹnu kàn án bí o kò bá dáhùn ìbéèrè mi. Àwọn tó mu ún láìdáhùn ni àwọn òkúta tí o ń wò yìí.” Ọmọ́kẹ́hìndé wo àwọn òkúta náà, ọ̀kan ṣì dé fìlà. Ẹyẹ ní, “Kí ni ohun tí kò ṣeé jẹ, tí kò ṣeé wọ̀, tí kò ṣeé fi bo ilé, síbẹ̀ tí ọmọ ìyá méjì lè torí rẹ̀ pàdánù ara wọn?”

Ojú ti Ọmọ́kẹ́hìndé. Ó ní, “Ipò àgbà ni, bàbá.”

“O mà tètè dáhùn o! Àwọn mìíràn a máa rò ó títí ilẹ̀ fi ń ṣú.”

“Àárọ̀ yìí ni mo jà á, bàbá.”

Ẹyẹ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó mu omi, ó sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un: “Olórímẹ́wàá, ọba iwin igbó yìí, ló mú arákùnrin rẹ. Ó ní kó se ẹ̀wà, ó tọ́ ọ wò, ó ní orí tó mọ oúnjẹ sè tó báyìí kò gbọdọ̀ wà lọ́rùn ẹlòmíràn. Bí oòrùn bá wọ̀, yóò bẹ́ ẹ, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká ara rẹ̀, kó di orí kọkànlá. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé ọfà rẹ. Ọgọ́rùn-ún ọdún ló fi dúró lórí ẹsẹ̀ kan tó ń gba ààwẹ̀, títí àwọn ará ọ̀run fi fún un ní ẹ̀bùn pé ohun ìjà kankan kò ní wọ ara rẹ̀.”

“Kí ló wá kù fún mi?”

“Ẹnu rẹ ló kù. Ó jọ pé ìyẹn ń ṣiṣẹ́.”

Wọ́n ní Olórímẹ́wàá ní ìbátan kan ní ilẹ̀ Íńdíà lókè òkun, olórí mẹ́wàá bíi tirẹ̀, tí ó jí ìyàwó oníyàwó gbé. Ìdílé náà kò kúkú ní ìtìjú. Nígbà tí Ọmọ́kẹ́hìndé dé àgbàlá rẹ̀, orí kan ń fín áṣáà, orí kejì ló ń sín in, orí tó wà ní ìpẹ̀kun sì ń hanrun. Wọ́n ti so Táyélolú mọ́ òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ńlá. Ó ń sunkún, ó sì ń pàṣẹ pé kí wọ́n dín iná kù. Ọmọ́kẹ́hìndé ta ọfà. Ọfà náà kan àyà iwin, ó jábọ́, orí kan sì ní kí wọ́n mú un wá kí òun fi tayín.

Ọmọ́kẹ́hìndé kúnlẹ̀, ó dákẹ́.

Orí tí ń fín áṣáà ní, “O ta wá lọ́fà, o kò sì kí wa! Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn?”

“Ẹ má bínú. Kíkí ló mú mi kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ kí àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Ta ni àgbà nínú yín?”

Ẹnu mẹ́sàn-án dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Èmi ni!” Ariwo sọ. Orí kan ní òun ló kọ́kọ́ yọ. Èkejì ní ta ló rán an. Ogún ọwọ́ sì ń gbá etí ara wọn, àyàfi ọwọ́ kan tó di ọ̀bẹ mú, tí kò jẹ́ fi í sílẹ̀. Oòrùn ti ń pọ́n.

Orí àárín ké pé, “Ó tó! Ìbejì ni àwọn wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ, ta ni àgbà nínú yín? Orí àgbà ló gbọ́n jù, òun náà la ó bẹ́.”

Ọmọ́kẹ́hìndé kò jẹ́ kó délẹ̀. “Èmi ni àgbà! Èmi ni mo rán an wá sáyé!”

Táyélolú ké láti ìdí òpó: “Irọ́ ló ń pa! Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ayé! Ẹ má dá ìránṣẹ́ mi lóhùn!”

“Ta ni ìránṣẹ́ rẹ?”

“Ìwọ!”

Ọ̀rọ̀ àárọ̀ náà ni, kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n omijé ń dà lójú àwọn méjèèjì. Orí mẹ́sàn-án na ọrùn láti wò wọ́n. Wọn kò tíì rí irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ́kẹ́hìndé nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ti rí bí a ti ń ṣe àgbà nílé wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èjìká yín ti kún. Bí orí tuntun bá dé, àgbà ni yóò yẹ̀ fún un. Ta ni àgbà, kí ọ̀bẹ mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀?”

Orí tí ń fín áṣáà wẹ̀yìn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni.”

“Èmi kẹ̀? Ọmọ àná ni mí! Ẹ̀yin ni bàbá wa.”

“Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀gbọ́n mi àtàtà.”

Ọwọ́ tó di ọ̀bẹ mú jù ú sílẹ̀ bí ẹni mú ẹyín iná. Orí tó ń sùn lajú, ó ní, “Kí ló dé?” Gbogbo wọn ké pé, “Ẹ kú orí ire, bàbá, ẹ̀yin ni àgbà!” Ó wo ọ̀bẹ, ó wo ojú wọn, ó tún di ojú, ó hanrun ju ti àkọ́kọ́ lọ. Níbi tí wọ́n ti ń fi àgbà bọ ara wọn lọ́wọ́ ni Ọmọ́kẹ́hìndé ti tú okùn, tí ìbejì sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá wọn dì mọ́ wọn, ó bú wọn, ó tún dì mọ́ wọn, ó sì gbé ẹ̀wà àárọ̀ náà kaná kó gbóná. Ó gbé e sí àárín wọn. Kò sí ẹni tó nawọ́. Ọmọ́kẹ́hìndé ti àwo náà sí ọ̀dọ̀ arákùnrin rẹ̀, ó rọra ní, “Ìwọ tọ́ ọ wò, kí o wá sọ fún mi bóyá ó dùn.”

Táyélolú bu ṣíbí kan, ó jẹ ẹ́, omi lé sí i lójú. Ó ní, “Ó dùn. Máa bọ̀.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ ká pe òun ní àgbà, kó kọ́kọ́ wo ibi tí ẹrù wà. Ìtàn mi tán. Ó yá, kí ẹni tó dàgbà jù nínú yín dìde, kó gbá èèpo ẹ̀pà tí ẹ dà sílẹ̀ yìí.

Háà! Kí ló wá dé tí ẹ dákẹ́?