Adìẹ Àgbàsìn Tí Ọ̀fun Rẹ̀ Ń Dún

Obìnrin kan wà, ìyàwó tí kò tíì pẹ́ nílé ọkọ, ní ìlú kan tí àwọn ènìyàn ti máa ń gba adìẹ ara wọn sìn. Bí ẹnì kan bá ní àgbébọ̀ púpọ̀, á gbé ọ̀kan fún ẹlòmíràn pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Bí adìẹ náà bá pa ọmọ, wọn á pín àwọn òròmọdìẹ náà. Ẹni tó ni adìẹ á mú apá kan, ẹni tó sìn ín á mú apá kejì. Adìẹ àgbàsìn ni wọ́n ń pè é. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí adìẹ àgbàsìn bá kú, ẹni tó ń sìn ín gbọ́dọ̀ gbé òkú rẹ̀, tòun ti ìyẹ́ lára, lọ bá ẹni tó ni ín, kí onítọ̀hún lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé àìsàn ló pa á, kì í ṣe ọ̀bẹ.

Ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti lanu pé adìẹ àgbàsìn òun ń wúkọ́, àwọn tó wà nítòsí á bú sẹ́rìn-ín. Wọn á ní, "Ata ló ta á lọ́fun." Wọ́n fẹ́ sọ pé adìẹ ọ̀hún ti wà nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Létí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló gbé adìẹ kan fún un sìn. Ìyàwó kì í pe àwọn ará ilé ọkọ lórúkọ, nítorí náà Eyínfúnjowó ni ó ń pe ẹ̀gbọ́n náà. Ohùn Eyínfúnjowó le, kì í sì í rẹ́rìn-ín kíákíá. Ọjọ́ tó gbé adìẹ náà wá, kò jókòó. Ó ní, "Ìyàwó, gbà á o. Ìwọ ni mo gbé e fún." Ó sì lọ.

Inú ìyàwó náà dùn, àyà rẹ̀ sì já. Ó rò ó títí, ó gbà pé ìdánwò ni. Wọ́n fẹ́ wo irú ọwọ́ tó ní. Bí adìẹ yìí bá yè, òun ti di ọmọ ilé nìyẹn. Bí ó bá kú, wọn á ní ìyàwó tuntun ti jẹ adìẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ó kó adìẹ náà pọ̀ mọ́ tirẹ̀ nínú ilé adìẹ onípákó tó wà lẹ́yìnkùlé, ó sì ń bù ún lóúnjẹ ju tara rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ wọlé, ó ń ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó gbọ́ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ó fi etí ti pákó. Inú èémí adìẹ ni ohùn náà ti ń wá, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí omi tó kù díẹ̀ nísàlẹ̀ kèǹgbè. Lẹ́yìn náà ni nǹkan sín, tó gbọn orí rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé ti ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ni. Ihò imú rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ kan sì ń yọ ìfóófòó.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ilé Eyínfúnjowó kò jìnnà. Ó tilẹ̀ wé gèlè, ó dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ó ti rántí ẹ̀fẹ̀ ata. Ó tú gèlè náà, ó sì padà sínú ilé.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo adìẹ náà ní ìkọ̀kọ̀. Ó kán epo pupa sí i lọ́fun. Ó fún omi ewúro fún un. Ó fi róòbù pa á nímú. Ohun kan ṣoṣo tí kò ṣe ni pé kó yà á sọ́tọ̀. Bí adìẹ kan bá dá wà lábẹ́ àgò lójú agbo ilé, kò sẹ́ni tí kò ní bèèrè ohun tó ṣe é. Nítorí náà ó fi í sílẹ̀ láàárín àwọn yòókù, kí wọ́n lè bá a bo àṣírí.

Ìyá àgbà kan ń gbé nínú agbo ilé náà, òun náà ní òròmọdìẹ tó ń jẹ káàkiri ẹ̀yìnkùlé kan náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró pẹ̀lú abọ́ ọkà bàbà lọ́wọ́, ó tẹ́tí.

"Ìyàwó," ó ní, "ta ló ń hanrun nínú ilé adìẹ rẹ? Àbí ẹ gba àlejò ọkùnrin ni?"

"Ọyẹ́ ni, mà. Ṣebí gbogbo wa la ń sín."

"Bá mi sọ fún un kó fi ẹ̀gbẹ́ sùn o. Ó fẹ́ lé mi kúrò nílé."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín lọ. Ìyàwó náà kò rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ náà gan-an ló wá àpò ìdọ̀họ tó nípọn, ó fi bo ilé adìẹ náà yípo, ó kàn án mọ́ pákó. Ohùn náà kò jáde mọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ pẹ̀lú kò wọlé mọ́. Ní gbogbo òwúrọ̀ tó bá ṣílẹ̀kùn, òórùn ìgbẹ́ adìẹ máa ń ta á lójú, omi á sì dà lójú tirẹ̀ náà.

Ó pàdé Eyínfúnjowó nídìí ẹ̀rọ ìlọta.

"Ìyàwó, adìẹ wa ńkọ́?"

"Dáadáa ló wà, Eyínfúnjowó mi."

"Ó ti ń yé?"

"Kò ní pẹ́ mọ́, mà."

Eyínfúnjowó wò ó lójú. "Ìwọ náà ńkọ́? O rù."

"Ọyẹ́ ni, mà."

Ẹ̀gbọ́n náà kò kúrò lójú ẹsẹ̀. Ó dúró bí ẹni tó ṣì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i. Nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀ mọ́, ó gbé ike ata rẹ̀, ó lọ.

Ó wá di ọjọ́ kan tí ìyàwó fi etí ti pákó, tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún fi etí ti pákó. Ilé adìẹ náà pa lọ́lọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́. Ó ya àpò náà kúrò, ó ṣílẹ̀kùn.

Adìẹ náà dúró ní igun kan. Ó na ọrùn, ó la ẹnu, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ohùn kankan kò sì jáde. Ogbe orí rẹ̀ ti dúdú. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ yá. Kò ní agbára tí yóò fi dún mọ́ ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn tí ìyàwó náà ni ń gbọn orí, wọ́n ń sín. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọ̀kan nínú òròmọdìẹ ìyá àgbà lórí ilẹ̀, tó ń mí gúlegúle, ọ̀fun rẹ̀ kékeré náà ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Kí oòrùn tó mú, adìẹ àgbàsìn náà kú.

Ó gbé òkú rẹ̀ sínú abọ́ fífẹ̀, kò sì fi nǹkan bò ó. Ó gba ojú ọ̀nà kọjá. Kò sẹ́ni tó dá a lápàárá. Nígbà tó dé ilé Eyínfúnjowó, ó kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀.

"Ẹ dákun, mà, mi ò pa á. Ẹ wò ó, ìyẹ́ rẹ̀ pé."

Eyínfúnjowó kò yí adìẹ náà wò. Ó fi ìka kan kan ọ̀fun rẹ̀. "Mi ò bi ọ́ bóyá o pa á. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún?"

"Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé, mà."

"Ìwọ sì gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Kí ló dé tí èmi ò fi gbọ́?"

Ìyàwó náà sọ ọ̀rọ̀ ata. Ó sọ ọ̀rọ̀ àpò. Ó sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Eyínfúnjowó fa àpótí, ó jókòó.

"Wo ẹ̀yìnkùlé mi," ó ní. "Ṣé àìní òròmọdìẹ ló ń dà mí láàmú? O wọ ilé wa, o kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá yà sọ́dọ̀ rẹ lásán, wàá ní mo wá ṣọ́ ọ. Mo ní kí n fi nǹkan kan sí ọ lọ́wọ́, tí màá fi máa rí ọ̀nà bèèrè àlàáfíà rẹ. Mo sì bèèrè. Nídìí ẹ̀rọ níjọ́sí, mo bèèrè."

Ìyàwó náà fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ojú rẹ̀.

"Dìde," Eyínfúnjowó ní. "Àwọn tó kù ńkọ́?"

Wọ́n jọ lọ. Wọ́n fa àpò tó kù ya. Wọ́n kó àwọn tó ń sín sábẹ́ àgò lọ́tọ̀, wọ́n gbá ilé adìẹ náà, wọ́n fọ gbogbo abọ́ omi. Ìyàwó náà fúnra rẹ̀ ló lọ bá ìyá àgbà, ó sọ ohun gbogbo fún un. Ìyá àgbà kò bínú sí i, kò sì dá àpárá. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó ń mú àwọn òròmọdìẹ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sí etí.

Dókítà ẹran wá, ó po oògùn sínú omi wọn. Díẹ̀ yè lára ti ìyàwó. Lára ti ìyá àgbà, èyí tó yè kò tó nǹkan. Dókítà náà ní bí wọ́n bá ti ya ti àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ ń dún, bóyá òun nìkan ni ìbá kú. Bóyá òun gan-an kì bá tí kú.

Ọmọ mi, ìwọ ni mo ń bá wí.

Nígbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù, tí mo bi ọ́ bí ilé ṣe rí, o ní, "Dáadáa ni, Mọ́mì." Ṣùgbọ́n o kọ́kọ́ mí kí o tó sọ ọ́, mo sì gbọ́ èémí náà. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ara rẹ ni kò yá. Ó lè jẹ́ ìwọ àti ọkọ rẹ. Mi ò ní kí o kó ọ̀rọ̀ ilé rẹ síta fún gbogbo ayé. Ẹnì kan tó, bí ẹni náà bá fẹ́ràn rẹ. Má ṣe rò pé bí o bá sọ̀rọ̀, ibi tí o ti ṣẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ máa wá. Má sì dúró dìgbà tí ohun gbogbo yóò dákẹ́, tí wàá wá máa dúpẹ́. Nǹkan tó bá ṣì ń dún ṣì ń mí, ohun tó bá sì ń mí, ènìyàn lè ṣaájò rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà nínú ilé yẹn pẹ̀lú rẹ, afẹ́fẹ́ kan náà ni ẹ jọ ń mí.

Nítorí náà pè mí. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì tò lẹ́nu rẹ, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìtò.