Ìda Tó Wà Láàárín Akèrègbè àti Ìdérí

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ilé kékeré kan wà, ó lẹ́nu ọ̀nà, kò ní ìlẹ̀kùn. Orí onílé ni wọ́n fi ń dí i. Kí ni o? Ìbídùn, panu mọ́! Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni o ò mọ̀, òun ni mo sì fẹ́ sọ. Àlọ́ mi ta gìrì, ó yí gbirigbiri, ó lọ forí sọ akèrègbè Yánníbo, aya Ìjàpá."

Ní ọdún kan, òjò kọ̀, kò rọ̀. Odò gbẹ, ewé wọ́, ebi wọ inú igbó. Àwọn ẹranko jẹ gbogbo ohun tí wọ́n ní, títí kan irúgbìn. Yánníbo nìkan ni kò jẹ tirẹ̀. Àgbàdo pupa ni, ìyá rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń kú lọ. Ìyá náà ní, "Bí ebi fẹ́ pa ọ́ kú, má jẹ ẹ́. Gbìn ín." Yánníbo kó o jáde fún gbogbo ìlú. Ó ní bí òjò bá rọ̀, kí wọ́n jọ gbìn ín, kí wọ́n jọ jẹ ẹ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Ìgbín. Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń dí ẹnu nǹkan bíi tirẹ̀? Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, á wọlé, á fi nǹkan funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ pa, ó di ìgbà òjò. Ìgbín sá àgbàdo náà títí ó fi gbẹ, ó rọ ọ́ sínú akèrègbè. Ó gbẹ́ igi ṣe ìdérí, àmọ́ kò tíì dé e. Ó yọ́ ìda oyin, ó fi tẹ́ ẹnu akèrègbè yíká, ó nípọn bí ìka, ó fi ewé gbòdògì lé e. Ìgbà yẹn ló tó wá ki ìdérí bọ̀ ọ́, tó fi okùn so ó.

Ìgbín ní, "Igi àti akèrègbè kì í bára wọn mu délẹ̀. Ìda tó wà láàárín wọn yìí ló ń ṣọ́lé. Bí kò bá sí, ọ̀rinrin á wọlé, kòkòrò á wọlé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí òjò àkọ́rọ̀ á fi rọ̀."

Ilé Yánníbo ni wọ́n gbé e sí. Ni gbogbo ojú bá yí sí Ìjàpá. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n.

Ìjàpá ní, "Kí lẹ ń wò mí sí? Mo búra! Bí hóró àgbàdo kan bá kan ẹnu mi, kí n má rí ọdún tó ń bọ̀."

Yánníbo ní, "Mo dúró fún ọkọ mi."

Háà, Yánníbo!

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Yánníbo lọ wa gbòǹgbò tí wọn yóò jẹ. Ìjàpá jókòó ti akèrègbè. Òórùn kan kọlù ú nímú, ó ń ta sánsán. Oyin!

Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àgbàdo ni mo búra lé. Ta ló dárúkọ ìda? Ìdérí á wà níbẹ̀, okùn á wà níbẹ̀. Ta ló ń wo ohun tó wà láàárín?"

Ó tú okùn. Ó yọ ìdérí. Ó fi èékánná ha ìda díẹ̀, ó fi sẹ́nu. Ó dùn. Ó dé e padà, ó so ó bí Ìgbín ṣe so ó. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ha díẹ̀ sí i. Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tí ìda fi tán, tòun tewé. Ebi ń pa á lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ebi ń pa Yánníbo náà, òun tó tún ń bù nínú gbòǹgbò tirẹ̀ kún ti ọkọ.

Kí Ìgbín tó wọlé lọ dí ẹnu tirẹ̀, ó yà wá wo akèrègbè.

"Ìjàpá, ìdérí ńkọ́?"

"Òun rèé, Ìyá Ìgbín."

"Okùn ńkọ́?"

"Bẹ́ ẹ ṣe so ó náà ló wà."

"Ìda ńkọ́? Jẹ́ n fọwọ́ kàn án."

"Yéè!" Ìjàpá fò sókè. "Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má ṣí i! Ṣé ẹ fẹ́ kí kòkòrò wọlé ni?"

Òfin tí Ìgbín fẹnu ara rẹ̀ ṣe ni, kò sì lè rú u. Ó lọ sílé, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé.

Lójoojúmọ́, Yánníbo á jókòó ti akèrègbè rẹ̀, á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ má pariwo o: "Dúró dè mí."

Àgbàdo pupa ìyá mi,
— Dúró dè mí.
Òjò ń bọ̀ lọ́nà,
— Dúró dè mí.
Ebi ń pa mí, n ò jẹ ọ́,
— Dúró dè mí.

Ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ohun tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú akèrègbè.

"Ọkọ mi, kí ló ń dún?"

"Àgbàdo rẹ ló ń gbe orin," ni Ìjàpá dáhùn.

Yánníbo rẹ́rìn-ín. Ó gbà á gbọ́. Ibẹ̀ yẹn ló máa ń dùn mí jù nínú àlọ́ yìí.

Òjò rọ̀. Gbogbo ìlú sáré wá pẹ̀lú ọkọ́. Yánníbo ò lè dìde mọ́, ẹní ni wọ́n fi gbé e jáde. Ìgbín tú okùn, ó di ìdérí mú láti fà á. Kò tiẹ̀ fà á tó fi yọ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n da akèrègbè délẹ̀. Ìyẹ̀fun ló jáde, àti kòkòrò, àti hóró tó ti bu.

"Ìda mi dà?" ni Ìgbín bi Ìjàpá.

"N ò jẹ hóró kan!" Ìjàpá ń ké. "Ẹ tú ikùn mi wò! N ò jẹ hóró kan ṣoṣo!"

Yánníbo na ọwọ́, ó ń fi ìka tú ìyẹ̀fun náà. Ó rí hóró mẹ́ta tó ṣì dára. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, àmọ́ ó kó wọn lé Ìgbín lọ́wọ́. "Ẹ bá mi gbìn ín." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Mo dúró fún ọ." Kí òjò náà tó dá, ó ti kú.

Ìjàpá sá wọnú ìkarahun rẹ̀ tó fi ṣe ilé. Ó rò pé wọn yóò lù ú. Kò sẹ́ni tó lù ú. Ṣe ni wọ́n kàn ń kọjá, wọ́n ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó wá igi tí yóò fi dí i, kò rí èyí tó bá a mu. Nígbà tí ojú tì í débi tí kò mọ ibi tí yóò wọ̀, ó fa orí ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi dí ẹnu ọ̀nà.

Hóró mẹ́ta yẹn hù. Ará ìlú jẹ nínú rẹ̀ lọ́dún kejì. Yánníbo kò jẹ níbẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí Ìjàpá bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, á fa orí wọlé kíá. Ó rò pé ẹnì kan tún ń bọ̀ wá bèèrè ìda ni. Ẹ tún wò ó dáadáa: orí náà kì í dí ẹnu ọ̀nà yẹn tán. Àlàfo máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí kò sí ìda láàárín.

Mo ti dé ẹnu àlọ́ mi, mo sì ti so ó. Bí mo bá fi irọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ bá kòkòrò níbẹ̀ lọ́la. Ìbídùn, nu ojú rẹ, kó o lọ wo ìdérí ìkòkò ìyá rẹ.