Ògiri Lánìhún Ẹlẹ́mu

“Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá oṣù ni.” Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òwe yìí ṣẹnu, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ má purọ́ fún mi, ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Ẹlẹ́mu ni Lánìhún. Ẹni tó ń gun ọ̀pẹ nírọ̀lẹ́ kò lè ṣàì rí ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n ní ti Lánìhún, wíwo ọ̀run ti di bárakú fún un. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, yóò fi ẹfun sàmì oṣù sára ògiri rẹ̀, yóò sì fi osùn sàmì àgùàlà, ìràwọ̀ ńlá tó máa ń kọ́kọ́ yọ nírọ̀lẹ́. Ìlà kan fún ìrọ̀lẹ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ a ní ó ń ba ògiri jẹ́.

Àlejò ni Lánìhún ní ìlú tó ń gbé. Òun ló gbé Balógun Akínrìnmádé pọ̀n wálé nígbà tí ọfà ba apá rẹ̀ jẹ́ lójú ogun, wọ́n sì di kòríkòsùn. Nítorí apá yìí ni Lánìhún ṣe máa ń bá a gbé àpótí ìjókòó lọ sí ìpàdé. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ẹrú ni wọ́n kà á sí.

Nígbà tó yá, Balógun dìtẹ̀ mọ́ ọba, ó sì sá lọ. Ọba ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tó ní wá sáàfin, àtẹrú àtẹran. Ni Ọ̀tún, ìjòyè ọba, bá kó àwọn ẹmẹ̀wà dé ọ̀dọ̀ Lánìhún tòun ti okùn.

“Ẹ gbà mí o, Baba. N kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni.”

“Ta lo fẹ́ tàn? Bí àgùàlà ṣe ń tẹ̀lé oṣù lo ṣe ń tẹ̀lé Balógun. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ajá oṣù ni àgùàlà.”

Lánìhún nawọ́ sí ògiri. “Ẹ wo iye ọjọ́ tí osùn wà tí ẹfun ò sí. Ṣé ajá oṣù a máa dá jáde nígbà tí olówó rẹ̀ ò sí nílé?”

“Ìwọ náà lo fọwọ́ ara rẹ kùn ún.”

“Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ yìí, Baba. Oṣù ò ní yọ. Bí àgùàlà ò bá dá yọ lórí ọ̀pẹ yẹn, ẹ dè mí.”

Oòrùn wọ̀, ìkùukùu sì bo ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n dúró títí ó fi sú Ọ̀tún, ó ní kí wọ́n dè é. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Wọ́n ti so ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kan kí atẹ́gùn tó gbá ìkùukùu sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgùàlà nìyẹn lórí ọ̀pẹ, ó ń tàn yanranyanran, kò sí oṣù níbì kankan. Ọ̀tún wo ọ̀run, ó wo ògiri, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn náà. Ìyàwó Lánìhún fúnra rẹ̀ ló lọ gbé osùn wá fún ọkọ rẹ̀, kó lè fi sàmì ìrọ̀lẹ́ náà sára ògiri.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fi ìfẹ́ bá ẹni ńlá rìn, tí aráyé wá ń fojú ọmọ ọ̀dọ̀ wò ó, wọn a ní: “Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá oṣù ni, àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù.”