Irin Tí Ògúnṣèyẹ Rọ Fún Ọmọ Rẹ̀

Ní Ebúté-Àgbọn, ìlú kan tó wà létí ọ̀sà, alágbẹ̀dẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ògúnṣèyẹ. Kì í rọ ọkọ́, kì í rọ àdá. Ọ̀bẹ ọlọ́kọ̀ nìkan ni tirẹ̀: ọ̀bẹ kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí èkù rẹ̀ tẹ̀ sókè ní orí àti ní ìdí bí ọkọ̀ ojú omi, tí irin rẹ̀ sì máa ń ká wọ inú èkù náà lọ sùn. Bí ó bá ká, ọmọ ọwọ́ lè fi ṣeré. Bí ó bá là, kí olúwa rẹ̀ yáa ṣọ́ra.

Àwọn òmùwẹ̀ ló ń lo ọ̀bẹ yìí. Kùkùté igi pọ̀ lábẹ́ ọ̀sà náà, bí àwọ̀n bá sì há, òmùwẹ̀ ni yóò wọ omi lọ gé e. Inú òkùnkùn biribiri ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọwọ́ kan á di àwọ̀n mú, ọwọ́ kejì á la ọ̀bẹ. Bí ọ̀bẹ bá kọ̀ tí kò là, tàbí tó ká mọ́ òmùwẹ̀ lọ́wọ́, àwọ̀n tó fẹ́ gé ni yóò di aṣọ ìsìnkú rẹ̀.

Kí n má purọ́, Ògúnṣèyẹ nìkan kọ́ ló ń ṣe ọ̀bẹ náà. Òun a rọ irin, Agbájé a gbẹ́ èkù. Ìwo ẹfọ̀n ni Agbájé fi ń gbẹ́ ẹ. Yóò gbé irin lé ìwo, yóò gbẹ́ díẹ̀, yóò tún gbé irin lé e wò, títí ihò tóóró inú èkù yóò fi gba irin náà, tí kò ní fún jù, tí kò sì ní dẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni yóò kan ìṣó tó so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọmọ aráyé. "Ọ̀bẹ Ògúnṣèyẹ" ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Agbájé á rẹ́rìn-ín, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyàwó Ògúnṣèyẹ bí fún un kó tó kú. Abọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà mọ omi ju bó ṣe mọ ilẹ̀ lọ, nígbà tó sì dàgbà, ó ní iṣẹ́ òmùwẹ̀ lòun yóò ṣe. Baba rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó bá a wí, kò gbọ́. Nígbà tí Olórí Òmùwẹ̀ dá ọjọ́ tí Abọ́sẹ̀dé yóò yan ọ̀bẹ, oorun dá lójú Ògúnṣèyẹ. Ó dìde, ó kọrí sí ilé Agbájé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Èmi ni n ó gbẹ́ èkù ọ̀bẹ Abọ́sẹ̀dé."

"Ìwọ kẹ̀? Kí lo fẹ́ fi gbẹ́ ẹ?"

"Irin ọ̀bẹ náà fúnra rẹ̀ ni. Mo ti fi Ògún búra pé irin mìíràn kò ní kan èkù náà. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí ọmọ yìí ń lọ, ojú mi ò lè débẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tèmi nìkan ni yóò bá a lọ."

Agbájé mi orí. "Ìfẹ́ ọmọ nìyẹn, n kò lè bá ọ jà sí i. Àmọ́ irin tí kò ní èkù, níbo lo fẹ́ ti dì í mú?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi," ni Ògúnṣèyẹ wí.

Ó ti ara rẹ̀ mọ́ inú àgbẹ̀dẹ. Òórùn èédú gba àdúgbò, ìró òòlù kò dákẹ́. Lọ́jọ́ tó gbé irin náà jáde, gbogbo ìlú dúró sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ wò ó. Ó dán tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn á rí ìkùukùu tó ń kọjá lójú ọ̀run nínú rẹ̀. Ògúnṣèyẹ mú ìyẹ́ lékeléke kan, ó jù ú sókè. Ìyẹ́ náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bọ̀, ó bà lé ẹnu irin, ó sì di méjì. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohunkóhun. Ìyá arúgbó kan kúnlẹ̀ kí irin náà bí ẹni kí ọba. Olórí Òmùwẹ̀ ṣí fìlà. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, bí mo bá dé ibẹ̀, ara mi a máa bù máṣọ.

Ó rọ irin tán, ó wá ku èkù. Ògúnṣèyẹ fi aṣọ wé ìdí irin náà kó lè rí nǹkan dì mú. Irin gé aṣọ. Ó fi awọ wé e, irin gé awọ, ó sì gé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Kò jáwọ́. Ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń gbẹ́, ìwo náà sì ń wó níwájú irin bí iṣu sísè. Ẹ̀yìn èkù náà dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìṣòro wà nínú. Ibi tí irin yóò sùn sí, irin náà ni yóò gbẹ́ ẹ. Ihò ìṣó, irin náà ni yóò lù ú. Irin kò sì lè wà nínú èkù kó tún wà níta kó máa lu èkù. Ògúnṣèyẹ fojú díwọ̀n rẹ̀, ó kan ìṣó igi, ó ní ó ti tó.

Ọjọ́ yíyàn pé. Àṣà Ebúté-Àgbọn ni pé ojú kì í yan ọ̀bẹ, ọwọ́ ni í yàn án. Wọ́n fi aṣọ di Abọ́sẹ̀dé lójú, wọ́n sì fi ẹja àrọ̀ pa á lọ́wọ́ títí ọwọ́ náà fi ń yọ̀. Nínú ọpọ́n omi tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n kó àwọn ọ̀bẹ ọlọ́kọ̀ sí i, tuntun Ògúnṣèyẹ wà láàárín wọn. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń là wọ́n, ó ń ká wọn lábẹ́ omi.

Ó kan ti baba rẹ̀. Ògúnṣèyẹ sún mọ́ ọpọ́n. Ọmọ náà la ọ̀bẹ, ó là wẹ́rẹ́. Ó ká a, ó fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹnu irin kò wọlé tán. Ó rọra dá a padà sínú omi, ó mú òmíràn, ó gbé e sókè.

"Èyí ni," ló wí.

Ariwo ta. Abọ́sẹ̀dé tú aṣọ ojú rẹ̀, ó rí ojú baba rẹ̀, ìgbà náà ló mọ ohun tó ṣe.

"Baba mi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ̀ pé tiyín ni. Ọwọ́ mi ló kọ̀ ọ́."

Ògúnṣèyẹ mú ọ̀bẹ rẹ̀ nínú ọpọ́n, ó gbé e kọ́ ọrùn. Àwọ̀n kan há ní ẹ̀bá ebúté níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ kí òmùwẹ̀ tuntun fi ọ̀bẹ rẹ̀ gé. Agbájé na ọwọ́ láti dì í mú, ṣùgbọ́n Ògúnṣèyẹ ti bẹ́ sómi láti fi hàn pé ọ̀bẹ òun lè gé e.

Gbogbo èèyàn dúró. Àwọn igi tó léfòó lórí àwọ̀n jó, wọ́n jó, wọ́n dákẹ́. Omi náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí. Ohun tó ń dẹ́rù bani jù lọ lára ọ̀sà nìyẹn: kì í sọ ohun tó bá gbé mì. Lójijì ni wọ́n rí i tí Abọ́sẹ̀dé fò sómi pẹ̀lú ọ̀bẹ tó yàn.

Ó pẹ́. Àwọn obìnrin ti káwọ́ lérí kí orí ọmọ náà tó yọ, tó ń fa baba rẹ̀ bọ̀, àbọ̀ àwọ̀n ṣì wé baba náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n tẹ́ Ògúnṣèyẹ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó pọ omi, ó mí. Ìgbà náà ni wọ́n rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bó ti fa okùn àwọ̀n ni ìṣó yẹ̀, irin sì ká mọ́ ọn ní ìka. Ìka méjì kò tún ká mọ́ títí tó fi kú.

Agbájé jókòó tì í, ó ń sunkún. "Irin rẹ ni Abọ́sẹ̀dé fi gé àwọ̀n náà, Ṣèyẹ. Má ṣe rò pé irin rẹ já ọ kulẹ̀."

"Èkù yín ló dì mú, ẹ̀gbọ́n," ni Ògúnṣèyẹ dáhùn. "Mo rọ irin tó lè gé ìyẹ́ nínú atẹ́gùn. Ó gé mi, ó sì gé ìwo. Ilé tí òun fúnra rẹ̀ máa gbé nìkan ni kò lè kọ́."

Ọ̀bẹ tó bọ́ lọ́wọ́ Ògúnṣèyẹ wà nísàlẹ̀ ọ̀sà títí dòní. Wọ́n ní àwọ̀n tó bá rì síbẹ̀, ní gígé ni wọ́n ń fà á jáde, láìsí ọwọ́ kankan tó dì í mú. Òmùwẹ̀ tó bá ń kọjá níbẹ̀ a dákẹ́ ẹnu, a dá àjẹ̀ dúró, a tẹrí ba fún irin náà. Síbẹ̀, nígbà tó bá gúnlẹ̀ tó sì rí ọlọgbọ́n tó ní òun kò nílò ẹnìkan, ohun tí Ebúté-Àgbọn fi kọ́ àwọn àgbà ilẹ̀ wa náà ni yóò sọ fún un: Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.