Òkòtó Gíga àti Ọta Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa, ìtàn yìí kò ṣeé sọ lórí ìdúró. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tètè rín in, nítorí ẹ̀rín kò ní bá wa délé.

Ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́gbèmí ló ń rọ ọta fún ìbọn wa, òun náà ló ń wọn ẹ̀tù tí a ń kì mọ́ ọn. Ìbọn yìí kì í ṣe ṣakabùlà o. Ilà tó lọ́ bí okùn wà nínú ihò rẹ̀, tó máa ń yí ọta kó tó jáde. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ṣakabùlà ló kún orí ẹ̀gbọ́n mi: ẹran ńlá, ọta ńlá. Nígbà tí a ń lọ sí Igbó Àìboojúwẹ̀yìn, níbi tí ẹfọ̀n oníwo mẹ́ta ti ń pa gbogbo ẹni tó bá lọ pọnmi, ó rọ ọta tó gùn bí ìka, tó wúwo nínú àpò ṣòkòtò mi débi pé ọwọ́ kan ni mo fi ń rìn, mo fi èkejì di ṣòkòtò mú. Ọta kékeré kan ṣoṣo ló mú dání, ó sì fi sínú àpò ara rẹ̀. Ó ní ti ìgalà ni, nítorí ebi.

Bí a ṣe wọgbó báyìí, ẹfọ̀n lé wa. Ẹ̀gbọ́n mi gun igi ayùnrẹ́ kan, èmi kó sáàárín àpáta. Ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ti igi. Mo yìnbọn, kò bà á. Mo tún yìn ín, ọta gba ara ewé kókò kọjá, ihò tó dá sí i gùn gbọọrọ: ẹ̀gbẹ́ ni ọta fi ń rìn.

Iwin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kan orúnkún jókòó lórí àpáta, ó ń ta òkòtó.

“Baba ọdẹ, ṣé o ń gé ewé fún ewúrẹ́ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí igi yẹn.”

“Mo rí i. Wo èyí.” Ó ta òkòtó gíga, ó gbọ̀n, ó ṣubú. Ó fi ọwọ́ kan náà ta èyí tó kúrú, ó dúró, ó ń yí. “Ilà inú ìbọn rẹ kò lọ́ tó. Kò lè gbé èyí tó gùn dúró. Wá ọta tó kúrú, tó fúyẹ́.”

Mo kígbe sókè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ju ọta ìgalà sí mi!”

“Ọta ìgalà? Ṣé ara ló ń yún ẹfọ̀n yìí tí o fẹ́ bá a họ ọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n. Bí òkòtó ni ọ̀rọ̀ náà rí.”

“Èmi wà lórí igi, àbúrò mi ń ta òkòtó. Fi èyí tó tóbi sí i, jàre.”

Iwin mi orí. “Àwọn méjì ló ń ti igi yẹn,” ó ní. “Ẹfọ̀n wà nísàlẹ̀, ẹnì kejì wà lókè.”

Igi dún. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi wá ju àpò rẹ̀ sílẹ̀, àpò àti igi sì jọ ń bọ̀ wálẹ̀ ni. Mo ki ọta ìgalà bọ ìbọn. Ó lọ tààrà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́, ó wọ abẹ́ etí ẹfọ̀n, ẹfọ̀n ṣubú. Ṣùgbọ́n ìwo ti dé ara ẹ̀gbọ́n mi kí ọta tó dé ara ẹfọ̀n.

Ó wo ẹran náà títí. Ó ní: “Àbúrò, ó mà lọ tààrà.” Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ nìyẹn.

Mo gbé e wálé. Àsàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bi mí pé, “Ṣé kò sí ọta lọ́wọ́ yín ni?” Mo ní, “Ó wà. Ó pọ̀.” Ó ń dúró de ìyókù ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo inú ìbọn yín kí ẹ tó rọ ọta. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ò tíì rí ará yòókù tó kọ́ nǹkan kan. Ẹ ó délé, ẹ ó sì rọ èyí tó tóbi.

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń ta òkòtó níwájú ilé mi nírọ̀lẹ́. Bí èyí tó ga bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo máa ń dìde wọlé kó tó ṣubú.