Kòtò Kan Lórí Yìnyín

Ní Èbúté-Ìgbì, ìlú kan létí òkun Ìlàjẹ, orí òpó ni ilé wà, afárá pákó sì ni títì wọn. Bí pákó bá já mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ kúrò láìso aṣọ mọ́ ojú ibẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa kó sí i. Àwọn ará ìlú yìí ní ìtàn kan nípa òwe kan tí gbogbo wa mọ̀. Bí ìlú mìíràn bá ní ìtàn tiwọn, kí wọ́n sọ tiwọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá mi jiyàn, kó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ọkùnrin méjì láti ìlú náà ló ń ṣiṣẹ́ amọ̀nà nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ń kó àwọn àlejò lọ sí ìpẹ̀kun ayé ní ìhà gúúsù. Kìkì yìnyín ni ilẹ̀ ibẹ̀. Kò sí ilé, kò sí igi, oòrùn kì í sì í wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ayédùn ni àgbà inú àwọn méjèèjì. Apẹja ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti pẹ́ nínú òtútù yẹn débi pé àwọn ará ilé máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé irun orí rẹ̀ kò hu ewú rárá, òjò dídì ló bà lé e. Ọláìtán ni àbúrò, Ayédùn fúnra rẹ̀ ló sì mú un wọ iṣẹ́ náà.

Ọláìtán mọṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá ń jẹun, ojú fèrèsé ni ojú rẹ̀ á wà. Ní ìrìn-àjò tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ náà tún wá légbá kan sí i, nítorí Ayédùn tó jẹ́ olórí amọ̀nà fẹ́ fẹ̀yìn tì. Pétà, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ti sọ pé Ọláìtán ni yóò ṣáájú àwọn àlejò lọ́jọ́ tí wọ́n bá gòkè lọ wo àwọn ẹyẹ. Bó bá ṣe é dáadáa, òun ni yóò gba ipò Ayédùn. Bí kò bá ṣe é dáadáa, wọn á gbé e fún ẹlòmíràn. Ọláìtán fẹ́ ipò yìí ju oúnjẹ lọ. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí òun lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ káàkiri gbogbo afárá.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n fi ọkọ̀ rọ́bà gbé àwọn àlejò dé etíkun ibẹ̀. Ọláìtán ṣáájú, ó ń fi ọ̀pá gígùn gún yìnyín wò bóyá ó le, ó sì ń gbin àsíá pupa síbi tó bá dára láti tẹ̀. Pétà wà láàárín àwọn àlejò. Ayédùn kẹ́yìn, pẹ̀lú ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Màmá Hẹ́ga, tó ń fi ọ̀pá rìn. Láti ìgbà ọmọdé ni ìyá yìí ti ń fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí pẹ́ńgúìnì, ẹyẹ tí kì í fò, tó ń rìn lórí ẹsẹ̀ méjì bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Nítorí àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ni òfin kan ṣe wà níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá rì sínú yìnyín, ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kó dí kòtò náà kó tó lọ. Ọ̀nà kan náà ni ẹyẹ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú òkun. Bó bá já sínú kòtò, apá rẹ̀ kò lè gbé e jáde, ibẹ̀ ni ebi yóò pa á sí. Nítorí náà, gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ àlejò bá ti rì ni Ayédùn ń kúnlẹ̀ sí. Nígbà tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà rì, ó yíjú pa dà, ó dí i, ó gbọn orúnkún, ó tún ń bọ̀.

Ìdádúró yìí ń ta Ọláìtán lára bí ẹni tí èèrùn wọ̀ ní ṣòkòtò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ o!"

"Rọra, Ọláìtán. Òkè náà kò ní sá lọ."

"Òkè ò ní sá, ojú ọjọ́ ni yóò sá. Ẹ wo kùrukùru lókè yẹn!"

Ó yára síwájú, ó yà sẹ́yìn òkìtì yìnyín kan níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Ó fẹ́ dán ọ̀nà àbùjá kan wò. Kò tíì rìn jìnnà tí ilẹ̀ fi já lábẹ́ rẹ̀, tó sì rì dé ìbàdí. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ jáde, ó gbọn ara, ó gbójú sókè wo orí òkè. Kùrukùru ti ń sọ̀ kalẹ̀. "Bí mo bá ń pa dà, màá dí i," ló sọ nínú ara rẹ̀. Ó pa dà sójú ọ̀nà tó dára, ó fi ìwàǹwára ki àsíá kan bọlẹ̀, ó sì ké sí àwọn èrò pé kí wọ́n máa bọ̀.

Wọ́n dé òkè. Ẹyẹ kún ibẹ̀ lọ súà, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń jí òkúta ìtẹ́ ara wọn kó. Màmá Hẹ́ga jókòó sórí àpáta, ó ń sunkún ayọ̀. Pétà gbá Ọláìtán léjìká pé ó káre. Bí inú Ọláìtán ti ń dùn ni kòtò yẹn ń yọ ojú sí i lọ́kàn. Ó fẹ́ sọ fún Ayédùn, ṣùgbọ́n Pétà wà nítòsí, ìtìjú sì mú un. Ó tu ara rẹ̀ nínú pé àsíá yóò mú wọn gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá láìséwu.

Lójijì ni kùrukùru bo òkè. Kò sí ẹni tó lè rí ju ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ṣáájú ní àlọ ló ń kẹ́yìn, kó lè máa tu àwọn àsíá. Báyìí ni Ayédùn ṣe bọ́ síwájú, tí Màmá Hẹ́ga tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, tí Ọláìtán sì wà lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ òkìtì yìnyín yẹn, ó bá àsíá tó fi ìwàǹwára kì bọlẹ̀, afẹ́fẹ́ ti dà á wó. Ipasẹ̀ àwọn èrò sì ti tẹ̀ lé ti òun fúnra rẹ̀ ní àlọ gba ẹ̀yìn òkìtì lọ.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ dúró!" Afẹ́fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ lọ. Ó sáré, ó ń gba àárín àwọn àlejò kọjá, ó ń kígbe.

Kò bá a. Yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo ojú kòtò náà, Ayédùn sì já sínú rẹ̀ dé ìbàdí, orúnkún rẹ̀ kan yí. Ìrora náà pọ̀. Síbẹ̀, bàbá yìí kò wo orúnkún, kò sì wo iwájú níbi tí ọkọ̀ wà. Ẹ̀yìn ló yíjú sí, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ dábùú ọ̀nà, ó fi èdè òyìnbó kígbe pé, "Ẹ dúró! Kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹsẹ̀!" Ẹsẹ̀ Màmá Hẹ́ga ti wà lókè, ó fà á pa dà.

Ọláìtán dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òun àti Pétà fa Ayédùn jáde. Bàbá náà wo inú kòtò dáadáa, ó wá bá àbúrò rẹ̀ sọ Yorùbá.

"Ojú bàtà ẹlòmíràn wà nínú kòtò yìí. Ta ló ṣubú síbí kí n tó ṣubú?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Nígbà tó o jáde, kí lo wò?"

"Orí òkè ni mo wò."

"Nílé, bí pákó afárá bá já mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ńkọ́?"

"Màá so aṣọ mọ́ ọn, nítorí ẹni tó ń bọ̀."

"Àwọn tó ń bọ̀ níhìn-ín, wọn kì í ṣe ènìyàn ni?"

Pétà béèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Òyìnbó náà kò gbọ́ Yorùbá rárá. Irọ́ kékeré kan ì bá ti tó, kí ipò náà sì bọ́ sí Ọláìtán lọ́wọ́. Ọláìtán wo orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ń wú. "Ó ní èmi ni mo dá kòtò yìí sílẹ̀," ló sọ, "òótọ́ sì ni." Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kó yìnyín dí kòtò náà, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, pẹ́ńgúìnì kan gba ojú ibẹ̀ kọjá lọ sí òkun tirẹ̀.

Ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe olórí amọ̀nà lọ́dún náà. Ayédùn fẹ̀yìn tì, ó ń tiro bọ̀ wálé. Nígbà tí Ọláìtán gba ìsinmi wá sí Èbúté-Ìgbì, ìtìjú kò jẹ́ kó lè wo ojú àwọn ènìyàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí yóò pa dà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń sáré lórí afárá kí ọkọ̀ má bàa fi í sílẹ̀, ni pákó bá já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ṣubú yakata. Awakọ̀ ń pè é pé òun ti ń lọ o. Ọláìtán dìde, ó yíjú pa dà, ó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó so ó mọ́ ojú ibẹ̀, ó sì ta á ní kókó kí afẹ́fẹ́ má lè tú u. Ọkọ̀ ti lọ.

Ayédùn wà níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà bíi tirẹ̀, ó ń wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n bi í pé ṣé ìṣubú ọmọ ọlọ́mọ ló ń pa á lẹ́rìn-ín. "Rárá o," ló wí, "ọmọ yẹn ló dàgbà lójú mi yìí." Ó sì sọ ohun tójú rẹ̀ rí lórí yìnyín fún wọn, ó fi gbólóhùn kan kádìí rẹ̀. Gbólóhùn náà ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sì fi ń pòwe títí di òní pé: Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.